KÌ Í ṢE AYÉ LÓ BA GÍÀ ỌKỌ̀ YÍN JẸ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Gbogbo ìgbà tí J5 bá kú sọ́nà Ọ̀dẹ̀dá tòun tẹ̀gẹ́ lẹ́yìn, ohun tí àwa tí à ń wọ oko tọ̀ yín wá máa ń gbọ́ ni pé "ayé ló ṣe é." A ò gbà!

Ẹrù tó yẹ kí ọkọ̀ fi ẹ̀ẹ̀mejì kó, ẹ ní kó kó o lẹ́ẹ̀kan, torí owó ọkọ̀. Awakọ̀ á wá gbé ẹsẹ̀ lé clutch láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ òórùn jíjó yẹn, ẹ ní táyà ni.

Ọ́ìlì gíà ńkọ́? Ó ń jò, ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ sùn ti dúdú, kò sẹ́ni tó wò ó. Irin á máa lọ irin títí eyín gíà á fi ká. Tójò bá dé, wọ́n á wakọ̀ wọ àgbàrá. Omi á wọnú ọ́ìlì, á funfun bí ògì, wọ́n ṣì ń wà á lọ.

Ẹ ní owó ò sí. Òótọ́ ni, nǹkan wọ́n. Ṣùgbọ́n èwo ló wọ́n jù, ọ́ìlì àbí odidi gíábọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀? Ẹ̀gẹ́ tá a ti fà tu, ọjọ́ 2 sí 3 ló fi ń bàjẹ́. Kó tó dé Láfẹ́nwá, inú ẹ̀ ti dúdú. Ta ló jẹ gbèsè yẹn? Àgbẹ̀ ni!

Kẹ́ ẹ tó kẹ́rù, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Tó bá ń jò, tí gíà ń kùn tàbí tó ń já kúrò, ẹ má kẹ́rù sí i. Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ yín.