Òfin Ọmọ Ti Yí Padà, Àwa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, agboolé mélòó ni kò fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn rí? Ẹ̀gbọ́n wà ní Kútọnu, àǹtí wà ní Àjàṣẹ́, àbúrò bàbá wà l'Ékòó. Nígbà àwọn bàbá wa, ohun tó dára ni. Ẹni tó gba ọmọ mọ̀ pé gbogbo ẹbí ń wo òun. Àmọ́ lónìí, obìnrin tí a ò mọ ilé rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ lórí zémì, á fún ìyá ọmọ lówó díẹ̀, á sì mú ọmọ ọdún 9 lọ. Ọdún méjì á kọjá, a ò ní gbúròó. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní vidomègon, àwa ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ọmọ tó ń jí ní ìdájí láti fọ abọ́, tó ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò mọ ọ̀nà ilé ìwé, ẹrú la sọ ọ́ dà.

Kì í ṣe òní ni ìjọba ti ń ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1961, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey, òfin wà lórí mímú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 jáde kúrò nílẹ̀ wa. Òfin yẹn kò dí ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno tó gbéra láti Kútọnu. Wọ́n lé e ní Gabon, wọ́n lé e ní Cameroon, ó padà wálé pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀. Ní 2003, wọ́n rí àwọn ọmọ Benin tó ń fọ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì kó wọn padà wálé. Bóyá ọ̀nà tó gba ẹ̀bá ilé wa kọjá ni àwọn kan gbà lọ. Ta ló bi wọ́n léèrè?

Ìdí nìyẹn tí òfin fi yí padà. Òfin 2006-04, ti ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2006, kò dúró ní ẹnu ibodè mọ́. Ó ní bí a bá fẹ́ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ì báà jẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè wa, ìwé àṣẹ ìjọba gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá ń ṣòwò ọmọ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 ló ń dúró dè é. Ní oṣù kejìlá 2015, Code de l'enfant tún dé, ó kó gbogbo ẹ̀tọ́ ọmọ pọ̀ sójú kan.

Àwọn kan á ní: "Ìyà ló ń jẹ wá. Bí a ò bá fún ẹ̀gbọ́n l'ọ́mọ, ta ni yóò rán an níwèé?" Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni wọn ò ti gba owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba mọ́. Ìwé, aṣọ àti oúnjẹ ló kù, ẹgbẹ́ wa sì lè dá èyí jọ. Àwọn mìíràn á ní ẹbí wa wà ní Ìdí Ìrókò àti Ìpókíá, ṣé a ó máa gbàwé ká tó kí wọn ni? Rárá o. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ lọ ọjà Igolo kò rúfin. Èyí tí à ń sọ ni ọmọ tó lọ, tí kò ní padà bọ̀ lọ́la.

Mo ní ẹjọ́ bá ìjọba náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin. Ìyá tó ń fún epo pupa ní Daagbé, níbo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ? Kò dára kí ìyá tálákà tí kò mọ̀ máa ṣẹ̀wọ̀n, kí ẹni tó ń lo ọmọ nílé aláràbarà máa sùn fọnfọn. Kí mérì Ifangni jẹ́ kí wọ́n ka òfin yìí ní Yorùbá àti Gùn lọ́jọ́ ọjà, kí ìwé àṣẹ náà má sì ṣòro gbà.

Èyí tó kù dọwọ́ yín, ẹ̀yin ìjòyè. Mo bẹ̀ yín, ohun méjì péré. Àkọ́kọ́, kí délégué kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan lọ́wọ́: orúkọ ọmọ tó ń lọ, ẹni tó mú un, ibi tó ń lọ, ilé ìwé tó máa wọ̀, nọ́ńbà fóònù. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí a ò gbọ́ ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí a wá a lọ. Èkejì, bí wọ́n bá ṣe ọmọ léṣe, tàbí tí wọ́n bá a sùn, ẹ má parí ẹjọ́ náà láàfin pẹ̀lú ọtí àti "ẹ jẹ́ ó tán síbí". Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọmọ kò lẹ́nu nínú ìpàdé àgbà. Bí ẹ bá parí rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ nìkan ni kò ní parí fún.

Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lóòótọ́.

Ire o.