Ìjì Oòrùn Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Èrò Kan Lórí Orúkọ Ìdíwọ́ Sátẹ́láìtì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní èrò tèmi, ìlànà yìí náà ni ó yẹ kí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa tẹ̀ lé: kí a wo ibi tí ohun kan ti wá àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí a tó fún un ní orúkọ. Ibi kan wà tí a ti kùnà nínú èyí, tí ìkùnà wa sì ń kó àwọn ènìyàn sí ìnáwó. Ọ̀rọ̀ náà ni "ìjì oòrùn", tí a ti sọ di orúkọ fún gbogbo ìdíwọ́ tí oòrùn ń ṣe fún sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún kan, bàbá kan tí a jọ ń gbé ní Tanke, ní Ìlọrin, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo amóhùnmáwòrán òun. Bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bá ti kọjá díẹ̀, àwòrán a dá, ohùn a dá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo rẹ̀ a padà. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ti gun òrùlé lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yí abọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo sọ fún bàbá pé oòrùn ni, ó ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní ìjì oòrùn ni. Ìjì kì í sì í jà kó má ba nǹkan jẹ́. N ó ra abọ́ mìíràn." N kò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ìjì" yóò wá ohun tí ìjì wó. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé e lọ́wọ́ ni ó ṣì í lọ́nà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ti òótọ́? Sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ máa ń wà ní òkè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí kìlómítà 35,786 sí ilẹ̀. Irú rẹ̀ ni NigComSat-1R tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1911+100, èyíinì ni 2011, tí wọ́n sì gbé sí ìwọ̀n 42.5 ní ìhà ìlà-oòrùn. Ní àkókò tí ọ̀sán àti òru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, oòrùn a gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá gan-an. Ní Ìlọrin, èyí máa ń bọ́ sí ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ogúnjọ́ oṣù Kẹta, àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án. Oòrùn fúnra rẹ̀ ń fọ́n ariwo rédíò jáde. Nígbà tí ó bá dúró lẹ́yìn sátẹ́láìtì, abọ́ tí ó kọjú sí sátẹ́láìtì ti kọjú sí oòrùn náà nìyẹn, ariwo oòrùn a sì bo ohùn kékeré tí sátẹ́láìtì ń sọ. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè ṣírò ọjọ́ àti ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò sí abọ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ti orí òrùlé ní Tanke, ìbáà ṣe abọ́ ràgàjì bí irú èyí tí a fi ń bá òkèèrè sọ̀rọ̀ láti Lánlátẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Mo dábàá pé kí a pe èyí ní "ìbohùn oòrùn". Mo dán ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dọ̀ bàbá yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ariwo bo ohùn rẹ̀ kò tí ì yadi, òun yóò dúró kí ariwo kọjá. Kò ra abọ́ mọ́.

Ìdíwọ́ kejì yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà mìíràn a máa wà tí iná ńlá a bù yẹ̀rì lójú oòrùn. Ìtànṣán rẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ wa láàrin ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀, a sì da òkè òfurufú rú ní ìhà ayé tí ilẹ̀ ti mọ́. Rédíò onígbì kúkúrú, tí àwọn awakọ̀ òfurufú àti awakọ̀ ojú omi ń lò, lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí díẹ̀. Níwọ̀n bí a ti ń sọ pé mànàmáná kọ, ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní "ìkọmànà oòrùn".

Ìdíwọ́ kẹta nìkan ni orúkọ ìjì tọ́ sí. Oòrùn a pọ ìkùukùu gáàsì tí ó ní iná mànàmáná nínú jáde, èyí a sì rìn fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó kan òòfà ilẹ̀ ayé, kí ó sì mì ín. Òun ni ó pa iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní Quebec, ní Kánádà, fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 1989. Òun náà ni ó mú kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú sátẹ́láìtì 49 tí ilé iṣẹ́ SpaceX ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ jábọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Nítorí pé òòfà ayé ni ó ń mì, "ìjì òòfà" ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Ìkẹrin ni ó kan Ìlọrin jù. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí wa. Ní agbègbè yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀, ìsàlẹ̀ ìpele òfurufú tí ó ní iná mànàmáná a tètè fúyẹ́, òkè rẹ̀ a sì wúwo. Ẹni tí ó bá da omi lé epo lórí mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: epo a máa ru gòkè ní wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni apá tí ó fúyẹ́ ṣe ń ru gòkè, tí ìgbì sátẹ́láìtì tí ó bá gba àárín rẹ̀ sì ń gbọ̀n, pàápàá láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, ní àkókò ìdọ́gba ọ̀sán àti òru, ní àwọn ọdún tí àbàwọ́n bá pọ̀ lójú oòrùn. Awọnlẹ̀ tí ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí òun wà lè ṣìnà nígbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní "ìṣẹ́jú", nítorí bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣẹ́jú ni ìgbì náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ti di ìdá kan nínú ọgọ́ta wákàtí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì da méjèèjì pọ̀. "Ìwárìrì ìgbì" ni mo fara mọ́.

Àwọn kan yóò ní orúkọ mẹ́rin ti pọ̀ jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè tí ó ya ọ̀wààrà sọ́tọ̀ kúrò lára òjò wínníwínní, tí ó ya ìrì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín, kò lè kùnà láti ya iṣẹ́ oòrùn sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ fóònù ni ti oòrùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì wa dákẹ́ nítorí okùn abẹ́ òkun tí ó já nítòsí Abidjan. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, ìjì òòfà tí a kò rí irú rẹ̀ láti ọdún 2003 jà. Síbẹ̀, fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń dún, nítorí láti òpó dé òpó àti nínú okùn ni ọ̀rọ̀ wa ń gbà. Ẹni tí ó bá ní orúkọ kan ṣoṣo fún ohun gbogbo yóò bi oòrùn léèrè ohun tí òkun ṣe.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ìgbì rédíò wọn òkè òfurufú ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 2010, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ọ̀nà Tanke lọ sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé, bí ó sì ti yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa ni láti jẹ́ kí ó dé orí òrùlé tí ó súnmọ́ wọn jù. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè: ẹ dán ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní kíláàsì àti ní àdúgbò. Èyí tí kò bá sọ fún ará ilé ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a pa á tì, kí a wá òmíràn.