Oyin Ayẹyẹ Kì Í Ṣe Ti Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin òbí àti àgbà wa, bí ọmọ Ìráànì bá ń fẹ́ Kristẹni ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú àlùfáà, kí wọ́n sì tún tẹ́ sofreh aghd ti àṣà Páṣíà: aṣọ tí dígí, àbẹ́là àti oyin wà lórí rẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó á ki ìka bọ oyin, wọn á fún ara wọn lá, kí ayé wọn lè dùn. Ó jọ oyin ìsọmọlórúkọ tiwa.

Ṣùgbọ́n ayẹyẹ yòówù kó jẹ́, ẹ má fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè mú iṣan ọmọ rọ, kó má lè mu ọyàn tàbí mí dáadáa. Ìyá ni kó tọ́ ọ wò fún un. Bí ọmọ bá ti lá a, tí kò yàgbẹ́ mọ́, tí ẹkún rẹ̀ sì rọ, ilé ìwòsàn ni kíá.