Ìjàpá Ti Ṣíwájú: Ṣé A Ò Ní Lé E Bá Láé?

Àwọn àgbà ní arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete kò róyè jẹ. Ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì kan, Zeno lorúkọ rẹ̀, tí ó gbé ayé ní ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, tilẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí ìjàpá bá ti ṣíwájú díẹ̀ péré, Achilles, jagunjagun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú ìtàn ilẹ̀ wọn, kò lè lé e bá láéláé. Nítorí kí ni? Kí Achilles tó dé ibi tí ìjàpá wà, ìjàpá á ti kúrò níbẹ̀. Kó tó dé ibi tó sún sí, á tún ti sún. Ó di títí ayé nìyẹn!

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò rí mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni irọ́ ọ̀hún wà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ owó wà, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà.

Ká ní ìyá kan kó tòmátì sínú lọ́rì n'Ìbàdàn, Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ. Lọ́rì gbéra tán ni ìyá rí i pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tí oníbàárà ti sanwó fún n'Ìbàdàn ti bá a lọ. Fóònù dẹ́rẹ́bà ò lọ. Lọ́rì ti fi 20 kìlómítà ṣíwájú. Ṣé kí ìyá wọ takisí tẹ̀ lé e, àbí kó gba kámú?

Bí lọ́rì bá ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, tí takisí ń sá 80, takisí á fi ìṣẹ́jú 15 dé ibi tí lọ́rì wà tẹ́lẹ̀. Lọ́rì á ti fi 10 kìlómítà kúrò. Takisí á fi ìṣẹ́jú 7½ dé ibẹ̀, lọ́rì á tún ti fi 5 kúrò. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 3¾. Ìdajì, ìdajì ìdajì, kò lópin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo télọ̀. Ó mú aṣọ ọ̀pá kan, ó gé ìdajì, ó gé ìdajì èyí tó kù, ó tún gé ìdajì èyí tó kù. Bó gé e títí dalẹ́, gbogbo ègé yẹn kò lè ju ọ̀pá kan lọ. Ègé lè má lópin, aṣọ lópin! Ohun tí Zeno kò rí sọ nìyí. Archimedes ará Syracuse, tó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, mọ̀ ọ́n: ó fi hàn pé ìdámẹ́rin, pẹ̀lú ìdámẹ́rin ìdámẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìdámẹ́ta gééré ló ń já sí.

Ìṣẹ́jú 15 ti takisí ni ègé àkọ́kọ́. Ìdajì aṣọ ni. Gbogbo aṣọ jẹ́ ìṣẹ́jú 30. Ìyá á bá ẹrù rẹ̀ ní 40 kìlómítà sí Ìbàdàn.

Bí lọ́rì bá ń sá 60 ńkọ́? Eré rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré takisí. Ó ku ìdá kan. Ìṣẹ́jú 15 wá di ìdámẹ́rin aṣọ: odindi wákàtí kan, 80 kìlómítà. Bó bá ń sá 70, ìdá méje nínú mẹ́jọ ni. Ìṣẹ́jú 15 di ìdámẹ́jọ: wákàtí méjì, 160 kìlómítà. Ìbàdàn sí Èkó ò tó bẹ́ẹ̀! Wọ́n á ti já tòmátì sílẹ̀ lọ́jà. Bí àwọn méjèèjì bá sì ń sá 80, ìṣẹ́jú 15, 15, 15 ni títí lọ. Níbẹ̀ nìkan ni Zeno jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó yọ eré lọ́rì kúrò nínú eré takisí: 80 yọ 40, ó ku 40. Àlàfo 20 nínú 40, ìdajì wákàtí náà ni.

Nítorí náà, kí ìyá tó nawó takisí, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “Ó ti jìnnà tó?” “Báwo ló ṣe ń sáré sí?” ni.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà gbàgbé òòlù. Ó ti fi kìlómítà 2 ṣíwájú, ó ń rin 5 ní wákàtí kan. Ọ̀gá gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń sá 15. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi bá a? Ìdáhùn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.