Ìsinmi ní Ìlú Orí Òkè

Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá mú gidigidi ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa di ẹrù wọn lọ sí àwọn abúlé Òkè Alps, ní ilẹ̀ Faransé, Swítsálándì àti Austria, láti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò-dídì tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nínú Bíbélì nìkan. Wọn a de pákó gígùn pẹlẹbẹ méjì mọ́ bàtà, wọn a mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọn a sì máa yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn òbí sì ń béèrè bí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ bá yẹ ìdílé Kristẹni.

Ìdáhùn wa ni pé ó yẹ, bí owó bá wà. Henry Lunn, ẹni tí ó ti jẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ Íńdíà rí, ni ó pe àwọn àlùfáà láti inú oríṣiríṣi ìjọ jọ sí abúlé Grindelwald ní 1892, kí wọn lè jíròrò lórí ìṣọ̀kan ìjọ Ọlọ́run. Ìṣọ̀kan náà kò rí bí wọ́n ti fẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíkó àlejò lọ sí òkè gbilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Arnold, ni ó sì ṣètò eré ìje slalom ti òde-òní ní Mürren ní 1922.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyọ̀ náà ni ó wù wá jù lọ. Ohun tí ó wù wá ni pé ènìyàn ń gbé ní àwọn abúlé wọ̀nyí síbẹ̀. Àwọn tí ń da màlúù nígbà ooru ni wọ́n ń gba àlejò nígbà òtútù, owó àlejò kò sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ wọn ṣí lọ sí ìlú ńlá.

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, Ọdà àti Ondó, ẹ̀yin pẹ̀lú ní ìlú orí òkè. Ìdànrè kò ju nǹkan bí máìlì 15 lọ sí Àkúrẹ́. Orí àpáta níbẹ̀, tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ojú òkun, ni gbogbo ìlú náà ń gbé títí di nǹkan bí 1933, kí wọn tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ wà. Ààfin Ọwá wà lókè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ipasẹ̀ Agbóògùn lára òkúta, àti Omi Àpaàrá. Ní 2007 a fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, ó sì wọ inú ìwé àwọn ibi tí ń retí ìdánimọ̀.

Àmọ́ kò sí ẹni tí ń dáná alẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ògiri amọ̀ tí kò ní onílé, òjò ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí a bí sí orí òkè náà, bí ó bá ṣì wà láàyè, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà ní Ìdànrè, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ, kí wọn gbọ́ ìtàn náà kí wọn tó gòkè. Ẹ̀yin tí ń ti òkè òkun bọ̀ fún Kérésìmesì, a bẹ̀ yín, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín ṣe ìnáwó.

Ẹ gba afinimọ̀nà láàrin àwọn ará ìlú, kí ẹ sì jẹun níbẹ̀, kí owó náà lè kù sọ́wọ́ wọn. Ẹ má gòkè nígbà òjò. Yíyọ̀ tí ó jẹ́ eré ní Alps, ewu ni lórí àpáta. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú òkè, ẹ kì yóò rí ọ̀nà jíjìn. Ẹ tètè jí kí oòrùn tó mú òkúta gbóná, kí ẹ mú omi lọ́wọ́; ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà fún àwọn àgbà. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ kà á, iye tí olúkúlùkù yóò mú bọ̀ kì yóò sì dọ́gba.