Ẹ̀bùn Tọ́ sí Ẹni Tó Ń Gbá Àárín Náà

Inter-house ti ń bọ̀. Lọ́dọọdún, ẹni tó bá gbá gólì wọlé jù nìkan ni ilé-ìwé wa ń fún ní ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù. Èmi ní kò tó. Ó yẹ ká ní ẹ̀bùn kejì, fún ẹni tó bá gbá àárín pápá dáadáa jù.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀bùn kan ṣoṣo yìí ń fà. Tí wọ́n bá ti ń pín jẹ́sì, nọ́ńbà 9 àti 10 ni gbogbo wa ń jà sí. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ó fọwọ́ lérán, a ó máa pariwo mọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ta ló fẹ́ sáré padà lọ gba bọ́ọ̀lù? Kò sí!

Muda Lawal ò ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1954, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló sì kọ́kọ́ ṣe. Àárín pápá ló ń gbá fún IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó gba ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Ọdún yẹn náà ló bá Green Eagles lọ sí Nations Cup ní Etiópíà. Ó tún lọ ní 1978, 1980, 1982 àti 1984. Ìdíje márùn-ún léra wọn, kò fo ọ̀kankan!

Ẹ bi àwọn bàbá wa nípa 1980, Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò purọ́: òun ló gbá méjì wọlé nígbà tá a na Algeria ní 3–0 ní Súrùlérè. Ta ló wá gbá ẹ̀kẹta? Muda ni. Ní 1984, Ọ̀dẹ́gbàmí ò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́, Muda ṣì wà níbẹ̀. Òun ló gbá gólì kan ṣoṣo tá a rí nínú àṣekágbá ní Abidjan, kí Kamẹrúùnù tó nà wá ní 3–1.

Àwọn kan á ní gólì ló ń jẹ́ ká borí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nọ́ńbà 9 tí wọn ò gbé bọ́ọ̀lù fún, kí ló fẹ́ gbá wọlé?

Àwọn mìíràn á ní gólì ṣeé kà, iṣẹ́ àárín ò ṣeé kà. Ó ṣeé kà, jàre! Kí ọmọ ẹgbẹ́ Press Club méjì jókòó sẹ́bàá pápá, kí wọ́n máa kọ iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, àti iye ìgbà tó gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀ láìṣì í. Gémù másítà ni yóò wá dájọ́. Dọ́sìn ìwé kan ti tó fún ẹ̀bùn.

Muda kú ní 1991, ọmọ ọdún 37 péré ni. Pápá ìṣeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta títí dòní. Bí Abẹ́òkúta bá lè mọyì ẹni tó gbá àárín, àwa náà lè mọ̀ ọ́n ní Kábà níbí.

Gémù másítà wa, ẹ jọ̀ọ́ sà. Bírò àti ìwé ti wà lọ́wọ́ wa, àṣẹ yín la ń dúró dè.