Bàbá Tó Fi Ìbọn Wẹ Orúkọ Ọmọ Rẹ̀ Mọ́

 

Ọ̀rọ̀ sinimá kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. The Black Book ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni Ìwé Dúdú. Ní 22 September 2023 ni Netflix gbé e jáde. Ọmọ ilẹ̀ wa, Editi Effiong, ló darí rẹ̀, àgbà òṣèré nì, Richard Mofe-Damijo, ló sì ṣe olórí eré. Wọ́n ní owó tí wọ́n ná lé e lórí tó mílíọ̀nù 1 dọ́là. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀ràn sinimá. Ojú bàbá ni mo fi wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wí pé kò kàn yín. Láyé àtijọ́, ọmọ yóò tọrọ owó kó tó lè lọ sí ilé sinimá, ìyá yóò sì mọ̀ pé ó jáde. Lónìí, nínú tẹlifóònù tó gbé sábẹ́ ìrọ̀rí ni sinimá wà.

Ìtàn náà nìyí. Díákónì kan wà tó ń jẹ́ Paul Edima, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́. Àwọn ọlọ́pàá búburú kan ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀ṣẹ̀ ìjínigbé rù. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀, Dàmilọ́lá, wọ́n pa á, wọ́n sì kéde fún gbogbo ayé pé ajínigbé ni. Bàbá ń wá ẹni tí yóò gbọ́ pé ọmọ òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò rí ẹnìkan. Àṣé díákónì yìí, agbanipa ni nígbà kan rí, ẹni tí àwọn alágbára máa ń rán kí ó lọ gba ẹ̀mí ènìyàn. Ni ó bá tún gbé ìbọn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá mọ́.

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, sinimá náà dùn. Ní 2014, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe tiwọn, John Wick, níbi tí agbanipa kan ti padà sídìí iṣẹ́ ibi nítorí pé wọ́n pa ajá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín: nítorí ajá? Tiwa yìí, nítorí ọmọ ni, kò sì sí òbí tí kò ní yé. Wọ́n gba ẹ̀mí ọmọ, wọ́n tún gba orúkọ rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ta ni yóò wá fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní olè lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín?

Ohun tó mú kí ó wọ̀ wá lára ni pé kì í ṣe àlá lásán. Ní October 2020, àwọn ọ̀dọ́ kún títì káàkiri ilẹ̀ yìí, títí dé Ìbàdàn wa níbí, wọ́n ń ké pé kí wọ́n tú SARS ká. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi ìwọ́de. Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọlọ́pàá ṣe níkà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Agbowó bá pàtẹ́wọ́ fún díákónì oníbọn, ẹ má ṣe sáré bú u. Ó mọ ohun tó ń rò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè kan: àwọn tí díákónì pa nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ agbanipa ńkọ́? Ṣé wọn kò ní bàbá? Àwọn àgbà ní ẹni tó fi idà pani kì í fẹ́ kí a mú idà kọjá ní ìpàkọ́ òun. A sunkún fún un nítorí pé ojú rẹ̀ ni wọ́n fi hàn wá. Bí wọ́n bá yí ojú sinimá padà sí ilé àwọn tó ti pa tẹ́lẹ̀, òun gan-an ni ìkà inú ìtàn. Nínú Súrátù Ísírà, ẹsẹ 33, Ọlọ́run fún ẹbí ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ó sì kìlọ̀ lójú kan náà pé kí wọ́n má ṣe kọjá ààlà. Àwọn onímọ̀ wa sì ti là á pé iwájú adájọ́ ni a ti ń gba ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe ẹnu ìbọn.

Ẹ tún wo orúkọ sinimá náà. Kì í ṣe Ìbọn Dúdú; Ìwé Dúdú ni. Ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ ibi àwọn alágbára sí ni ohun tí àwọn alágbára ń bẹ̀rù. Ẹni tó ní ìbọn lè rí ẹni tí ìbọn rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kì í kú. Ẹsẹ tó gùn jù nínú Kùránì, Bákárà 282, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé, ó sì pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá ń kọ gbèsè, ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni a kò ní kọ?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gba gèlè mọ́dìí sáré lọ sí tẹ́ṣàn bí wọ́n bá mú ọmọ. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú bírò. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n ti mú un, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá, àti ẹni tó rí i. Ẹ má ṣe dá lọ. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ní Ìbàdàn, kóòtù Ìyágankú kò jìnnà sí Bódìjà, kò jìnnà sí Challenge. Béèlì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí owó lọ́yà kò bá sí, ẹ béèrè Legal Aid Council.

Ní ti sinimá náà, kì í ṣe fún ọmọ kékeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tó ti bàlágà bá ń wò ó, ẹ jókòó tì í. Nígbà tó bá parí, ẹ bi í léèrè pé nínú ìbọn àti ìwé, èwo ló wẹ orúkọ Dàmilọ́lá mọ́? Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.